Orin Ẹni Tó Fa Ẹ̀gúsí Tu

Ọyẹ́ ló pàdé mi nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ Ẹ̀jìgbò. Ọkọ̀ tó kó wa láti Àbíjàn ti rìn títí, àwa tó wà nínú rẹ̀ ti sùn, a ti jí, a tún ti sùn, débi pé n kò lè ya ohun tí mo rí lójú àlá sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí mo rí lójú fèrèsé. Mo rántí pé ilé kan yọ jáde nínú kùrukùru, ó sì tún wọnú rẹ̀ padà. Mo rántí obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ iwájú ilé rẹ̀, tí eruku àti ọyẹ́ bò ó mọ́lẹ̀ tí n kò rí ju ọwọ́ rẹ̀ àti ìgbálẹ̀ lọ. Awakọ̀ ní, “Ẹ jí o, a ti délé.” Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mò ń wá ilé tó ń wí.

Àbíjàn ni wọ́n bí mi sí. Ọmọ Ẹ̀jìgbò ni bàbá mi, ọmọ Ẹ̀jìgbò ni ìyá mi, ṣùgbọ́n n kò mọ ìlú náà ju ohun tí wọ́n ń sọ ní pálọ̀ wa lọ. Aṣọ ni bàbá mi ń tà. Bí ó bá tọjà dé, á na ẹsẹ̀ sórí ẹní, á máa sọ̀rọ̀ ilé fún wa: odò tí wọ́n ti ń wẹ̀, igi tí wọ́n ń gùn, àbúrò òun ọkùnrin kan tó jẹ́ pé bí ó bá tilẹ̀ ń sunkún, ẹ̀rín ni yóò máa pa ẹni tó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Mo kọ́ṣẹ́ ìránṣọ, mo ṣe fúrídọ̀mù, bàbá mi bá ní kí n máa lọ sílé.

“Ó yẹ kí ẹnìkan nínú ẹ̀yin ọmọ mi mọ ọ̀nà,” ló wí. “Ọ̀dọ̀ àbúrò mi ni wàá máa gbé. Má fòyà. Ènìyàn ni.”

Bàbá mi kékeré ni mò ń pe àbúrò bàbá mi yìí báyìí, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, “Tọ̀ntọ́n” ni mò ń pè é, bí a ṣe ń pe àbúrò bàbá ẹni lọ́hùn-ún. Àwọn ọmọ àdúgbò gbọ́ ọ, ó dùn mọ́ wọn, wọ́n sì fi ṣe orúkọ fún un. Bí ó bá ń ti oko bọ̀, wọ́n á sáré pàdé rẹ̀: “Tọ̀ntọ́n, ẹ káàbọ̀.” Yóò sì dá wọn lóhùn pẹ̀lú ọ̀yàyà, bí ẹni pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ ni wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ọkùnrin gíga ni, ó tín-ín-rín, ọrùn rẹ̀ gùn. Àgbẹ̀ ni. Etí ìlú ni ilé rẹ̀ wà, níbi tí ilé ti ń tán díẹ̀díẹ̀ tí oko sì ń bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí ènìyàn kò lè tọ́ka sí ibi tí ọ̀kan ti parí. Igi kaṣú ńlá kan wà lẹ́yìnkùlé. Yàrá tí wọ́n fún mi kọjú sí i, mo sì gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi sí abẹ́ fèrèsé.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun Alásárì, àwọn mẹ́ta a máa jókòó sábẹ́ igi náà. Bàbá mi kékeré á gbé agídìgbo lé itan, ìyẹn àpótí onígi tó ní ahọ́n irin tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ lójú, tí wọ́n ń fi ìka ta. Ẹnì kejì ni bíríkìlà kan tó ń gbé nítòsí wa, ọkùnrin kúkúrú tí kì í rẹ́rìn-ín. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo ló ń lù, ó sì ń lù ú bí ẹni tó ń bá ọmọ wí. Ẹnì kẹta ni màmá kan tó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Masífà. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni tirẹ̀. Kò sí ohun tó ń pa obìnrin yìí lẹ́rìn-ín tí kì í pa gbogbo ẹni tó wà lẹ́bàá rẹ̀ lẹ́rìn-ín, nítorí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti inú ikùn, á gùn wá sí ọ̀fun, á há síbẹ̀ díẹ̀, kí ó tó tú jáde.

Ẹgbẹ́ náà kò ní orúkọ. “Àwọn olóko yẹn” ni ará ìlú ń pè wọ́n. Nígbà tí wọ́n bá ń lọ ṣeré, aṣọ oko ni wọ́n ń wọ̀, tó ti ya lójú orókún àti léjìká. Bíríkìlà á gbé agbọ̀n adìyẹ kọ́rùn, màmá á dé ajere bíi fìlà, bàbá mi kékeré á fi okùn so iṣu kékeré kan mọ́ àyà bí ẹni tí ìjọba fi oyè dá lọ́lá. Wọ́n kọrin nípa ewúrẹ́ tó mọ ọjọ́ ọjà ju olówó rẹ̀ lọ. Wọ́n kọrin nípa ẹ̀gẹ́ tó ń díbọ́n pé iṣu ni òun bí àlejò bá ti Èkó dé. Wọ́n ní ọ̀nà Masífà ń bá wọn tọ́jú omi òjò sínú kòtò nítorí kó lè sin ẹja. Wọ́n ní iṣu ìlú Ara a máa tóbi débi pé ẹni tó bá gbé e wọlé gbọ́dọ̀ sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé kì í ṣe orogún. Wọ́n ní ará Ìsundunrin méjì pàdé lọ́nà, wọ́n ń kí ara wọn, òjò bẹ̀rẹ̀, òjò dá, wọn kò tíì kí dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ.

Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ mi, n kò gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ náà. Yorùbá tí mo gbọ́ ni ti pálọ̀ àti ti ọjà. N kò mọ ohun tó ń jẹ́ ebè, n kò mọ aporo tó wà láàárín ebè méjì, n kò mọ ìyàtọ̀ láàárín kí nǹkan hù àti kí ó yọ. Ṣùgbọ́n ohùn agídìgbo náà ń wọlé tọ̀ mí wá gba ojú fèrèsé, ó ń kán tó, tó, bí omi tó ń bọ́ láti orí òrùlé lẹ́yìn tí òjò ti dá. Oòrùn á ti rẹlẹ̀, eruku á ti di wúrà lára ewé kaṣú. Lọ́pọ̀ ìgbà, mo máa ń ṣàdédé rí i pé ẹsẹ̀ mi ti kúrò lórí ẹ̀rọ, aṣọ oníbàárà wà lọ́wọ́ mi, n kò sì mọ ìgbà tí mo ti dúró.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Ọjọ́ kan tí n kò ní iṣẹ́ lọ́wọ́, mo sọ fún bàbá mi kékeré pé mo fẹ́ bá a lọ sí oko. Inú rẹ̀ dùn. Ọ̀nà Ìsundunrin ni oko náà wà. Ó fi ilẹ̀ kan hàn mí, ó ní, “Ro ibí yìí fún mi. Ewé tí o kò bá fẹ́ràn ìrísí rẹ̀, fà á.” Ó ń ṣàwàdà ni. Mo gbà á gbọ́. Ó lọ sí apá kejì oko, èmi sì bẹ̀rẹ̀.

Ìrì ṣì wà nílẹ̀. Ilẹ̀ rọ̀, ó ń gbóòórùn bíi ìkòkò tuntun. Ewé kan wà níbẹ̀ tó ga, tó dúró ṣánṣán, tó ń mì lẹ́lẹ́ nínú afẹ́fẹ́. Mo fi í sílẹ̀ nítorí ó wù mí. Òmíràn wà tó ń rá pálá nílẹ̀, tí ewé rẹ̀ ya bí aṣọ tí eku ti jẹ. Mo fà á, ó wá wẹ́rẹ́. Mo fa ìkejì. Nígbà tí oòrùn fi mú, mo ti kó wọn jọ ní òkìtì-òkìtì, mo ti to àwọn òkìtì náà létí oko bí mo ṣe ń to aṣọ tí mo bá rán tán.

Bàbá mi kékeré dé. Ó dúró. Ó wo ilẹ̀, ó wo òkìtì, ó wò mí. Gbogbo ẹ̀gúsí rẹ̀ ni mo ti fà tu. Koríko nìkan ló kù, wọ́n dúró ní fàáfàá lórí ilẹ̀ tó mọ́ tónítóní.

“Kí lo fi èyí sílẹ̀ fún?” ló bi mí, ó ń tọ́ka sí koríko.

“Ó lẹ́wà, Tọ̀ntọ́n.”

Ó jókòó sórí ebè. Mo rò pé inú ló ń bí i. Èjìká rẹ̀ ń mì, ó sì fi ọwọ́ bo ojú. Ìgbà tó mú ọwọ́ kúrò ni mo rí i pé ẹ̀rín ló ń rín tí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó rín in títí kò fi lè dìde. Ó rín in títí èmi náà fi rẹ́rìn-ín, bí n kò tilẹ̀ tíì mọ ohun tí mo ṣe.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, mo gbọ́ orin tuntun lábẹ́ igi kaṣú.

*Ọmọ Àbíjàn wọ oko,*
*Ó kí koríko, ó ní bọ̀njúù;*
*Koríko ní mẹsí, ó jókòó.*
*Ẹ̀gúsí ò gbọ́ Faransé,*
*Ó fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò.*

Ẹ̀rín màmá akọrin há sí ọ̀fun, ó tú jáde. Bíríkìlà pàápàá yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ti fèrèsé mi.

Orin náà jáde kúrò lẹ́yìnkùlé wa bí adìyẹ ṣe ń jáde nílé, tí ẹnikẹ́ni kì í rí i nígbà tó ń lọ. Mo lọ ra òwú, àwọn ọmọ tó ń bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ ní, “Bọ̀njúù, koríko.” Mo lọ gba omi, obìnrin kan ń kùn ún lábẹ́lẹ̀, ó rí mi, ó sì dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ dùn mí ju orin lọ. Ní Àbíjàn, àjèjì ni wọ́n ń pè wá. Mo ti rò pé ibi kan wà tí wọn kò ti ní pè mí bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù mi. Ìyàwó bàbá mi kékeré wọlé, ó bá mi níbi tí mo ti ń ká aṣọ.

Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ó ń ta èlùbọ́, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó jókòó sórí àpótí.

“O ń lọ?” ló bi mí.

“Mò ń lọ, Ìyá.”

“Ó dáa. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún ọ. Nígbà tí wọ́n gbé mi níyàwó wá sínú ilé yìí, mo se ọbẹ̀, mo gbàgbé iyọ̀. Ó fi kọrin. Ìyá rẹ̀ kú, lẹ́yìn tí a ṣe fìdáù ogójì ọjọ́ tán, ó fi bí ìyá náà ṣe máa ń hanrun kọrin, gbogbo wa sì sunkún. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn, kì í fi kọrin. Àwọn kan wà ládùúgbò yìí tí inú ń bí pé kò tíì bú àwọn.”

Ó dìde, ó jáde. N kò tú ẹrù náà, n kò sì gbé e. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, bàbá mi kékeré fúnra rẹ̀ wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò wọlé.

“Mo gbọ́ pé orin mi kò dùn mọ́ ọ nínú,” ló wí. “Ẹ̀bi tìrẹ ni.”

Mo wò ó.

“Orin náà kò tíì parí. Ẹnìkan ti bú ẹnìkan, ẹni tí wọ́n bú kò dáhùn. Orin ẹlẹ́sẹ̀ kan nìyẹn. Dáhùn.”

“Ṣé kí n wá bú yín ni, Tọ̀ntọ́n? Ní gbangba?”

“Nínú orin, kò sí àgbà. Tí orin bá tán, wàá kúnlẹ̀ kí mi, àgbà á padà wọlé.”

Mo ronú lé e lórí bí mo ṣe ń ránṣọ. Mo rántí ìtàn kan tí ìyá mi máa ń sọ nípa ìgbà kan ṣoṣo tí bàbá mi kékeré wá kí wa ní Àbíjàn, tí mo ṣì kéré. Wọ́n mú un lọ sí ilé ìtajà ńlá kan, ó sì rí ère tí wọ́n wọ kóòtù fún níwájú gíláàsì. Ó rò pé ènìyàn ni, ó sì ń kí i. Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, mo jáde lọ sábẹ́ igi kaṣú, ojú ń tì mí, mo sì kọ ọ́:

*Àgbẹ̀ Ẹ̀jìgbò dé Àbíjàn,*
*Ó rí ère tó wọ kóòtù,*
*Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ó ní ẹ kú ọjà.*
*Ère ò dáhùn, ó ní ẹ má bínú,*
*Bóyá ẹ̀yin náà ò gbọ́ Yorùbá.*

Mo kọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà, bíríkìlà, ọkùnrin tí kì í rẹ́rìn-ín, gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀, ó dìde, ó sì lọ dúró lẹ́yìn igi. A gbọ́ bí ó ṣe ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Bàbá mi kékeré ń wò mí bí ẹni tó rí owó he.

“Ta ló sọ fún ọ?”

“Ìyá mi ni.”

“Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi,” ló wí. “Gbogbo ọdún yìí ló ti fi pa á mọ́ dè mí.”

Bí mo ṣe di ará ẹgbẹ́ nìyẹn. Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ní Masífà ni a ti kọ́kọ́ kọ orin náà níwájú ènìyàn. Bàbá mi kékeré á dúró sápá kan pẹ̀lú ọkọ́ léjìká, èmi á dúró sápá kejì pẹ̀lú báàgì àti awò dúdú lójú; á bú mi, màá bú u, àwọn tó jókòó á máa gbè. Nígbà tó parí, mo kúnlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti wí. Bàbá arúgbó kan tọ̀ mí wá, ojú rẹ̀ le.

“Ọmọbìnrin, ṣé bàbá rẹ ni o ń bú bẹ́ẹ̀ yẹn?”

Kí n tó lanu, bàbá mi kékeré ti dáhùn. “Ẹ má dá a lẹ́kun, Bàbá. Ìgbà tó mọ̀ mí ló tó lè bú mi.”

Nǹkan bí ọdún mélòó kan la fi rìn káàkiri báyìí. Bí mo bá rántí rẹ̀ nísinsìnyí, ó dà bíi pé ìrìn kan ṣoṣo ni. Títì kan náà ni, igi kan náà ni, àwa mẹ́rin lẹ́yìn ọkọ̀ bíríkìlà láàárín àpò sìmẹ́ǹtì, afẹ́fẹ́ ń fẹ́, màmá akọrin ń kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá mi kékeré sì ń fi agídìgbo bá a lọ bí ẹni tí kò mọ̀ pé òun ń ṣe é. Mo mọ ebè nígbà yẹn, mo mọ aporo. Mo mọ èso tó gbó àti èyí tó pọ́n. Ọ̀rọ̀ oko wọ ẹnu mi láti inú orin, n kò rántí ọjọ́ tí mo kọ́ ọ̀kankan. N kò pè é ní Tọ̀ntọ́n mọ́. Ó yà mí lẹ́nu ọjọ́ kan pé “Bàbá” ni mo ti ń pè é fún ìgbà pípẹ́. Mo bi í léèrè ìdí tó fi jẹ́ pé oko ṣáá ni gbogbo orin rẹ̀.

“Wọ́n ń sọ fún gbogbo ayé pé kò sí nǹkan lóko,” ló wí. “Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín kò lè ṣe kó má wo ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n wò ó.”

Àìsàn kan dé bá bàbá mi kékeré ní ìdájí. Ó jí fún ìrun Àsùbáà, ó fẹ́ gbé búútà, ọwọ́ rẹ̀ kò gbé e. Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ nígbà tí búútà ṣubú. Ilé ìwòsàn ni a gbé e lọ. Wọ́n ní rọpárọsẹ̀ ni, ó mú apá ọ̀tún rẹ̀. Nígbà tí a gbé e padà wálé, ó ti ń di ẹnìkan mú rìn dé ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ìka ọ̀tún rẹ̀ kò mọ agídìgbo mọ́, ọ̀rọ̀ sì wúwo lẹ́nu rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ sọ gbólóhùn kan, á mú ọ̀rọ̀ kan jáde, á sinmi, á lọ wá èkejì.

Ọjọ́ Jímọ̀ ń kọjá. Ewé kaṣú ń já bọ́ sórí àpótí tí wọ́n máa ń jókòó lé. Mò ń ránṣọ lójú fèrèsé, etí mi sì ń gbọ́ ohun tí kò sí níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n wa iṣu tán, àwọn ará Ìsundunrin ránṣẹ́ pè wá síbi àpéjọ ìlú wọn. Bíríkìlà àti màmá akọrin wá sọ fún bàbá mi kékeré pé àwọn ti ṣe tán láti kọ̀ ọ́.

“Bàbá, a ò lè ṣe é láìsí yín,” ni bíríkìlà wí.

Bàbá mi kékeré gbọ́. Ó wo ilẹ̀. A dúró dè é.

“Ta ni,” ló wí, ó sinmi, “yóò bú mi?”

Bíríkìlà wo màmá akọrin. Ó yí ojú sí mi.

“Ìwọ. Bú mi.”

Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ara yín kò tíì yá. Kò dáa kí n máa fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ nísinsìnyí.”

Ó pẹ́ kí ó tó rí ọ̀rọ̀ tó ń wá. Òógùn yọ níwájú orí rẹ̀.

“Bí o kò bá bú mi mọ́,” ló wí, “o ti sin mí nìyẹn.”

Màmá akọrin yí ojú sí ògiri. Mo kọ ọ́, jẹ́jẹ́ ni mo kọ ọ́, láìsí ìlù. Mo kọ nípa àgbẹ̀ tó dé Àbíjàn. Nígbà tí mo dé ibi tó ti dọ̀bálẹ̀ fún ère, ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ òsì gbéra. Apá ọ̀tún kò lè tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n apá òsì ń rẹ́rìn-ín. A gbọ́ ẹ̀rín ìyàwó rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, níbi tí ó ti ń gbọ́ wa.

A lọ sí Ìsundunrin. Ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dé, òwúrọ̀ náà funfun, igi tó wà lẹ́bàá ọ̀nà kò ní gbòǹgbò, wọ́n kàn léfòó. A gbé bàbá mi kékeré jókòó sórí àga onígi lẹ́yìn ọkọ̀, a fi aṣọ òtútù wé e. Bíríkìlà ló gbé agídìgbo. Ó ti ń kọ́ ọ fúnra rẹ̀, kò dáa tó, ṣùgbọ́n ó ń dún. Màmá akọrin mú ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ó sì ń fi ẹsẹ̀ gbá kẹ́ẹ̀gì.

Abẹ́ igi níwájú ilé ẹ̀kọ́ ni àwọn ènìyàn jókòó sí. A gbé àga rẹ̀ sí apá kan, a gbé ọkọ́ lé itan rẹ̀. Èmi dúró sí apá kejì. Mo kọ tèmi. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n rọra rín in, nítorí wọ́n ti rí bí ó ṣe jókòó. Mo parí. Ó kan òun láti dáhùn. Agídìgbo ń lọ, ó ń yí po, ó ń dúró dè é.

Ó lanu. “Ọmọ,” ló wí. Ó tún lanu. Kò sí ohun tó jáde.

Obìnrin kan wà níwájú, tó gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Kò gbójú sókè. Ó kàn ń bá a lọ, bí ẹni tó ń kun orin nídìí iṣẹ́: “Àbíjàn wọ oko.” Ẹnì kejì gbà á lẹ́yìn rẹ̀: “Ó kí koríko, ó ní bọ̀njúù.” Nígbà tí yóò fi dé orí ẹ̀gúsí, gbogbo ìlú ló ń kọ ọ́, ọkùnrin, obìnrin, ọmọdé, wọ́n nawọ́ sí mi, wọ́n ń bú mi dípò rẹ̀. N kò mọ ohun tí mo fi ojú mi ṣe. Bàbá mi kékeré ń fi ọwọ́ òsì gbá itan, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Mo rò pé ó ti parí. Wọn kò dúró. Ẹnìkan láti ẹ̀yìn, ohùn obìnrin kan tó le bí igi ìdáná, ń kọ ẹsẹ̀ kan tí n kò gbọ́ rí:

*Télọ̀ Àbíjàn wọ oko ẹ̀gẹ́,*
*Ó gé ewé, ó fi rán bùbá,*
*Ó wọ̀ ọ́ lọ sọ́jà, ewúrẹ́ ń tẹ̀lé e.*

Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n, wọ́n sì gbè é. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí nínú wa tó kọ ọ́. Orin náà ti wà nínú oko wọn gbogbo ìgbà tí a fi dákẹ́, ó ti bí ọmọ síbẹ̀.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, oòrùn ti jáde ṣùgbọ́n kò ní ìtànṣán, ó wà nínú ọyẹ́ bí àwo tí wọ́n fi sínú omi. Bàbá mi kékeré kò sọ nǹkan kan títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ délé.

“Ewé ẹ̀gẹ́ yẹn,” ló wí. “Ta ló kọ ọ́?”

“N kò mọ̀, Bàbá.”

Ó ronú lé e. “Ó dáa ju tèmi lọ,” ló wí. Kò dùn mọ́ ọn rárá.

Kò jẹ́ kí a sinmi títí bíríkìlà fi tún gbé wa lọ sí Ìsundunrin láti wá ẹni náà. A ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Ní ilé àkọ́kọ́, ọkùnrin kan sọ pé òun ni. Ní ilé kejì, ìyá kan sọ pé ọkọ òun tó ti kú ló kọ ọ́. Níbi tí wọ́n ti ń yan gààrí, a bá obìnrin kan nídìí àgbadá, èéfín bò ó. Kò sọ pé òun ni. Ó bi wá ohun tí a fẹ́ mu, ó bu omi fún wa, ó padà sídìí iná, bí ó ṣe ń da gààrí rú ló ń kọ ẹsẹ̀ mìíràn lábẹ́lẹ̀, nípa àgbẹ̀ kan tó wá láti Ẹ̀jìgbò wá olórin kiri bí ẹni tí àgùntàn rẹ̀ sọnù. Bàbá mi kékeré di ojú. Ó fetí sí i títí gààrí náà fi gbẹ.

Obìnrin náà ló ń dá mi lóhùn nísinsìnyí. Ó máa ń wọ ọ̀kadà wá lọ́jọ́ Jímọ̀, ó sì máa ń bú mi débi pé màmá akọrin ní láti gbé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ kó tó lè mí. Bàbá mi kékeré ń fi ọ̀pá rìn dé abẹ́ igi kaṣú fúnra rẹ̀. Kò lè ta agídìgbo, ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ṣi orin kọ, á gbé ìka kan sókè, gbogbo wa á dúró, a óò máa wo ẹnu rẹ̀ títí ọ̀rọ̀ náà yóò fi dé. Nígbà mìíràn ó ń pẹ́. Afẹ́fẹ́ á gba inú ewé kọjá, adìyẹ á rìn gba àárín wa lọ, kò sì sẹ́ni tó ń kánjú.